Ọkọ̀ Onígèlè: Ìtàn Fífọ̀ àti Nínù Mọ́tò Tí Òrùlé Rẹ̀ Ń Ká



Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí láti Èkó. N ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó ti bẹ̀ mí pé kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, tí wọ́n máa ń ká a sẹ́yìn tó bá wu ẹni tó ń wà á. Ìbéèrè èdè ló fi bẹ̀rẹ̀: "Prof, kí ni Yorùbá ń pe irú mọ́tò yìí?" Inú mi dùn. Mo ti ń múra àtidáhùn nígbà tó fi kún un pé, "Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dà mí láàmú, sà. Mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Àwọn ọmọ yẹn fi ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára kọlù ú. Omi wọ ibi gbogbo. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, òórùn tó ń ti inú ẹ̀ jáde dà bíi ti aṣọ ilé-ìwé tọ́mọdé gbàgbé sínú báàgì."

Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èkejì ló gbé mi padà sí Ìbàdàn, sí ọdún 1960, sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kan tí èmi fúnra mi fi omi bà jẹ́. Ìdí nìyí tí ìdáhùn fi gùn tó báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó jókòó ní kíláàsì mi yóò rántí pé mo máa ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún mímú nǹkan mọ́. Ojú la ń bọ́, ọwọ́ la ń ṣàn, ara la ń wẹ̀, aṣọ la ń fọ̀, tábìlì la ń nù, ilẹ̀ la ń gbá, eruku la ń gbọ̀n. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní iye omi tirẹ̀. Gbígbọ̀n àti gbígbá kò nílò omi púpọ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ nílò ẹ̀kán kan. Nínù ń fẹ́ aṣọ tó rin díẹ̀. Bíbọ́jú ń fẹ́ ẹ̀kúnwọ́. Fífọ̀ ń fẹ́ garawa. Tó bá wá ju ìyẹn lọ, kì í ṣe fífọ̀ mọ́, ó ti di rírẹ, bá a ṣe ń rẹ gàrí tàbí ẹ̀wà.

Nígbà tí mọ́tò dé ọ̀dọ̀ wa, a ní láti yan ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí fún un. Fọ̀ la yàn. A kó mọ́tò pọ̀ mọ́ aṣọ àti abọ́. Fún mọ́tò tí irin bo orí rẹ̀, kò sí wàhálà: tẹ́nì kan bá ní "fọ mọ́tò," òde ni gbogbo wa mọ̀ pé ó ń wí, torí pé ilẹ̀kùn wà ní títì, òrùlé sì ń dáàbò bo inú. Mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ ń ká ló dá ọ̀rọ̀ rú. Òde rẹ̀ gba fífọ̀. Òrùlé rẹ̀ gba gbígbọ̀n kó tó gba fífọ̀. Inú rẹ̀ gba gbígbá, lẹ́yìn náà nínù. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, rírẹ ni yóò rẹ ẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ni pé mọ́tò tí òkè rẹ̀ ṣí kì í ṣe àṣejù àwọn olówó. Òun ni mọ́tò àkọ́kọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1886 ni Karl Benz, ará Mannheim ní Jámánì, fi orúkọ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé-àṣẹ. Kò ní òrùlé rárá. Ìjókòó kan ni, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, ojú ọ̀run sì wà lókè. Nígbà tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Model T ní Amẹ́ríkà ní 1908, èyí tí wọ́n tà jù nínú rẹ̀ ni èyí tí òkè rẹ̀ ṣí, tó ní aṣọ tí wọ́n lè nà sórí bí òjò bá ṣú. Kí wọ́n tó dá Model T dúró ní 1927, ó ti lé ní mílíọ̀nù 15. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò nígbà náà mọ̀ pé òun àti eruku jọ ń rìn ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀wù gígùn lé aṣọ, tí wọ́n sì ń fi gíláàsì bo ojú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú un mọ́? Ọgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n jogún. Àwọn yẹn ti pín iṣẹ́ náà sí méjì tipẹ́: omi àti kàn-ìn-kàn-ìn fún òde àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fún inú. Ohun tó fà á kò jìnnà. Igi ni wọ́n fi ṣe egungun ara kẹ̀kẹ́, igi náà ni wọ́n sì fi ṣe egungun ara ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbà àkọ́kọ́, tí irin pẹlẹbẹ wá bò ó. Irun ẹṣin ni wọ́n kì sínú tìmùtìmù ìjókòó, awọ ni wọ́n fi bò ó. Bí omi bá wọ ibẹ̀, awọ á gan, irun ẹṣin á máa rùn, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti inú níbi tójú ò tó. Ẹ má rò pé ayé ìgbà yẹn ti lọ tán o. Ilé iṣẹ́ Morgan ní Malvern, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ń fi igi ṣe egungun ara mọ́tò wọn títí di ìgbà tiwa yìí.

Ọ̀dà náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀dà ìgbà yẹn máa ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó gbẹ, torí náà ẹni tó bá fi àkísà gbígbẹ ha ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ jẹ́. Omi ni wọ́n ń jẹ́ kó ṣàn kọjá lórí ẹrẹ̀ títí tí yóò fi rọ̀. Nígbà tó di 1923, ọ̀dà Duco tó ń tètè gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára mọ́tò ní Amẹ́ríkà, fífọ òde sì wá rọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kọ́ ló yanjú ọ̀rọ̀ inú mọ́tò, òrùlé ni. Ní nǹkan bí 1922 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta Essex tó ní òrùlé tí kì í ká ní owó tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Kó tó di 1930, èyí tó ní òrùlé tí kì í ká ló ti pọ̀ jù lọ́jà Amẹ́ríkà. Àtìgbà náà ni ọmọ aráyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èyí tí kò ní in. Òrùlé tí kì í ká gbà wá lọ́wọ́ òjò, ó sì gba ìmọ̀ kan lọ́wọ́ wa.

Kí èdè tiwa náà sọ tirẹ̀ ná. "Ọkọ̀" tí à ń lò fún mọ́tò lónìí, ojú omi ló ti wá. Ọkọ̀ ni igi tí wọ́n gbẹ́ nínú, tí apẹja wọ̀ tó fi ń la ọ̀sà kọjá. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1900, a sọ ọ́ di ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí mọ́tò dé, a pè é ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bàlúù dé, ó di ọkọ̀ òfurufú. Àwọn bàbá wa kò ṣìnà. Ọkọ̀ ni ohun tó ní inú, tí inú náà sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Omi lè wà lábẹ́ rẹ̀, omi lè wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, àfi kéèyàn máa gbọ́n ọn dànù. Gbọ́n omi, gbọ́n lórí: ohùn kan náà ni. Kì í ṣe pé mo ń sọ pé ìtumọ̀ kan náà ni o, kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Bàbá mi kò lọ sílé-ìwé ju ọdún mẹ́rin lọ. Dẹ́rẹ́bà ni. Dókítà kan ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, mọ́tò dókítà náà sì jẹ́ Morris Minor aláwọ̀ eérú, èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká. Alec Issigonis ló ya àwòrán Morris Minor, wọ́n sì fi í hàn aráyé ní Earl's Court ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1948. Láti ọjọ́ náà gan-an ni oríṣi méjì ti wà: onírin lórí àti aláṣọ lórí. Nígbà tí ọdún 1960 ń parí lọ, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì ní mọ́tò kankan tó dé iye yẹn ṣáájú rẹ̀. Aláṣọ lórí yìí ni wọ́n ń ṣe títí di 1969.

Àwọn dẹ́rẹ́bà ẹlẹgbẹ́ bàbá mi ní orúkọ fún un: onígèlè. Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Tí wọ́n bá ká òrùlé sẹ́yìn, wọ́n á ní ó tú gèlè. Tí wọ́n bá nà án padà síwájú, tí wọ́n há a mọ́ orí gíláàsì, ó wé gèlè. Bàbá mi sì ní àwàdà kan tí kì í sú u: "Obìnrin ń tú gèlè kó tó wẹ̀. Tèmi ní láti wé gèlè kó tó wẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, torí kò sí ohun tí àwọn onímọ̀ mọ́tò ń kọ́ni lónìí nípa rẹ̀ tí bàbá mi kì í ṣe.

Àárọ̀ kùtù ló máa ń bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú, kí ọṣẹ má baà gbẹ mọ́ ọn lára. Inú ló máa kọ́kọ́ mójú tó, ní gbígbẹ. Á kó rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ jáde, á gbọ̀n ọ́n. Á fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá a láti òkè wá sílẹ̀: iwájú, ìjókòó, kọ̀rọ̀ ìjókòó, ilẹ̀. Ó ní eruku tó bá pàdé omi ti di ẹrẹ̀, ẹ̀rẹ̀ inú awọ sì le ju ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wé gèlè, yóò há a le, yóò yí gbogbo gíláàsì sókè.

Òrùlé ló kàn. Búrọ́ọ̀ṣì aṣọ ló fi máa ń gbọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, láti iwájú lọ sẹ́yìn, ọ̀nà kan ṣoṣo. Á wá fi kọ́ọ̀bù bu omi, á máa dà á láti àárín òrùlé kó máa ṣàn lọ sí etí. Kì í da omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kì í sì í da omi kọjú sí ibi tí òrùlé ti pàdé gíláàsì. Níbẹ̀, á tẹ́ aṣọ gbígbẹ sí etí rẹ̀ láti inú, kí ẹ̀kán tó bá yọ́ wọlé bá aṣọ pàdé. Ọṣẹ tó ń lò kò pọ̀, kò sì jẹ́ kó gbẹ sórí aṣọ òrùlé. Fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe gíláàsì, nǹkan bíi láyílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara ni, kò sì jẹ́ fi aṣọ gbígbẹ nù ún láéláé, torí eruku á ha á, kò sì ní mọ́ gaara mọ́. Ara mọ́tò á tẹ̀ lé òrùlé, táyà ló máa ń kẹ́yìn. Garawa méjì ni, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tó mọ́.

Tó bá parí, á fi awọ rírọ̀ nu omi kúrò lára rẹ̀. Á wá jẹ́ kí mọ́tò dúró sínú oòrùn ní wíwé gèlè. Èyí ṣe pàtàkì jù. Òrùlé tí kò tíì gbẹ, kò gbọdọ̀ ká a, nítorí aṣọ tí wọ́n bá ká ní tútù á bu, tó bá sì ti bu, àbàwọ́n yẹn kì í lọ mọ́. Inú ló máa ń fi parí. Á rẹ àkísà, á fún un, á tún un fún, títí ẹ̀kán kan kò fi ní kán mọ́, á fi nu awọ ìjókòó àti iwájú, á sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Á ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Ohun kan ṣì kù tí mo rò pé eré ni nígbà náà. Á ya ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, á wá dùbúlẹ̀, á máa fi í tọ́ àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ihò òógùn ló ń pè wọ́n. Omi òjò tó bá gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà jáde. Tí eruku bá dí i, omi á dúró, irin á dípẹtà. Ó máa ń sọ pé, "Wọ́n ní ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kò lè gbálẹ̀. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó lè gba mọ́tò là."

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìdí tó fi ń bẹ̀rù omi inú mọ́tò yẹn tó bẹ́ẹ̀. Morris Minor kò ní férémù ọ̀tọ̀ lábẹ́. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni férémù: ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ jọ ń ru ẹrù náà. Nígbà tí wọ́n bá gé òrùlé irin kúrò kí wọ́n lè fi aṣọ rọ́pò rẹ̀, ẹrù tí òrùlé ń rù ní láti bọ́ sórí ẹnì kan. Ilẹ̀ àti irin abẹ́ ilẹ̀kùn ló bọ́ sórí, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fi irin kún ibẹ̀ fún onígèlè. Ẹ rí i báyìí: ibi tí omi tó bá wọlé máa ń dúró sí, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀yìn tó ń gbé mọ́tò náà dúró. Ẹni tó bá rẹ inú onígèlè sómi, kì í ṣe ìjókòó nìkan ló bà jẹ́, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ. Yorùbá ní ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Bàbá mi ní ìyẹn kò kan mọ́tò òun, pé ẹni tó bá da omi sínú rẹ̀, ojú títì ni yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti inú ihò.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ọjọ́ Sátidé kan ni, lọ́dún 1960, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Bàbá mi ti tú gèlè, ó fẹ́ kí oòrùn ta sí inú mọ́tò náà díẹ̀. Ẹnì kan wá pè é, ó sì ń yára lọ. Ó kígbe sí mi pé, "Bá mi fọ mọ́tò yẹn kí n tó dé." Mo dìde, mo fọ̀ ọ́. Mo pọn garawa omi mẹ́fà, mo dà wọ́n sórí ìjókòó, mo da ọṣẹ sí ilẹ̀ rẹ̀, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o bí ẹni ń fọ ìkòkò. Inú mi ń dùn, mo ń kọrin.

Nígbà tó dé, ó dúró. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní kó o ṣe báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n fọ̀ ọ́, bàbá mi."

Ó wò mí, ó wo mọ́tò. Mo ti ń retí ìgbájú. Ó ní, "Òótọ́ ni. Èmi ni mo ní kó o fọ̀ ọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi tú ìjókòó, tó fi sá wọn, tó fi fún omi jáde lára ìtẹ́lẹ̀. Dókítà wọ takisí lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Bàbá mi sọ fún un pé òun ló ṣèèṣì. Nígbà tí oṣù parí, owó tó mú wálé kò pé. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ṣùgbọ́n bàtà ilé-ìwé tí wọ́n ti ṣèlérí fún mi, kò dé lọ́dún náà. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi kò tún ní kí n fọ mọ́tò mọ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Fọ òde, kó o nu inú." Mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, n ò sì tíì rí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tó yé mi tó èyí.

Ayé ti yí padà, àmọ́ ìṣòro náà kò kúrò níbẹ̀. Ní 1914, àwọn kan ṣí ibi ìfọmọ́tò kan ní Detroit tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Automobile Laundry, bí ìgbà tá a bá ní ilé ìfọṣọ mọ́tò. Ẹ rí i pé òyìnbó náà kó mọ́tò pọ̀ mọ́ aṣọ. Nígbà tó di 1950, Alfred Kärcher ṣe ẹ̀rọ kan ní Jámánì tó ń tú omi gbígbóná jáde pẹ̀lú agbára ńlá. Irú ẹ̀rọ yìí dára fún táyà ọkọ̀ akẹ́rù. Fún gèlè, ọ̀tá ni. Ó ń fi agbára gba abẹ́ rọ́bà etí gíláàsì wọlé, ó sì ń fa okùn aṣọ òrùlé tú. Àwọn ọmọ tó fọ mọ́tò akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fọ̀ ọ́. Èmi pàápàá mọ bó ṣe ń rí.

Ohun tí mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí, ó sì ti ń ṣe é. Kó kọ́kọ́ gbé ìtẹ́lẹ̀ sókè, torí tìmùtìmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń mu omi bíi búrẹ́dì, òkè rẹ̀ lè gbẹ kí abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Kó fi aṣọ gbígbẹ tẹ omi jáde, kó má fi omi mìíràn lé òórùn. Kó ṣí ilẹ̀kùn àti òrùlé sínú oòrùn lójoojúmọ́ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ, kó tó dá ìtẹ́lẹ̀ padà. Kó wá ihò òógùn: nínú ọ̀pọ̀ onígèlè òde òní, ó máa ń wà lẹ́yìn ìjókòó ní ọ̀tún àti òsì, níbi tí òrùlé ti ń ká sí, ewé àti eruku sì máa ń dí i. Òórùn, oòrùn, oorun: ohùn tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oòrùn ni egbòogi òórùn, ìgbà tí òórùn bá sì lọ ni onímọ́tò máa rí oorun sùn.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ kò kan omi. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Mo bá alágbẹ̀dẹ jókòó, mo bá aláró jókòó. Mo kọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ wọn sílẹ̀ tohùn-tohùn, torí mo gbà pé ìyẹn ni ìmọ̀ àwọn baba wa. Bàbá tó bí mi wà nílé n'Ìbàdàn, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún lé tọ́jú mọ́tò, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá èdè odindi kan sílẹ̀ fún un láìsí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan níbẹ̀. N ò jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Lójú mi, mọ́tò jẹ́ ti òyìnbó, kò lè ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ kí ẹnikẹ́ni wá gbà sílẹ̀. Ó kú ní 1991.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò pọ̀: onígèlè, wé gèlè, tú gèlè, ihò òógùn. Rọ́bà tó wà láàárín òrùlé àti gíláàsì, èyí tó ń dá omi dúró gan-an, ó ní orúkọ tó ń pè é. Mo ti jókòó ní ọ̀pọ̀ òru, mo ń wá a. Kò wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ dẹ́rẹ́bà, tàbí mẹkáníìkì, tàbí télọ̀, tí ìyá yín ń se oúnjẹ tà, tí wọ́n sì wà láyé, ẹ má dúró de ẹni tó máa fún yín lówó ìwádìí. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pe irinṣẹ́ wọn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí bàbá ẹnì kan nínú yín bá sì wa onígèlè rí, ẹ bá mi bi í ní orúkọ rọ́bà yẹn.